Ẹni Tí Yóò Ṣe Júdásì

Gbogbo òbí tó wà nínú ìjọ wa ló fẹ́ kí ọmọ àwọn ṣe Jésù. Mi ò sọ àsọdùn. Láti ọjọ́ tí mo ti kéde pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yóò ṣe eré lọ́jọ́ Àjíǹde ni àwọn ìyá ti ń dá mi dúró káàkiri Ìlá: lọ́jà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí mo ti máa ń dúró de ọ̀kadà tí yóò gbé mi lọ sí Òkè-Ìlá, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ọ̀kan ní ọmọ òun ti ní aṣọ funfun nílẹ̀, a ò ní dààmú rárá. Òmíràn ní ọmọ òun kì í jà, kì í bú èèyàn, bíi Jésù gan-an ló ṣe ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń kọ́ ọmọ náà, mo sì mọ ẹni tó gé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lápá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Pétérù rí ẹni ṣe é. Pílátù kò ṣòro, torí yóò wọ agbádá, wọ́n á sì bu omi fún un kó fi fọwọ́. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọkùnrin jà sí ipò ọmọ ogun nítorí idà. Àní àkùkọ tó kọ nígbà tí Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, ọmọ bíi mélòó kan ló ti ń kọ bí àkùkọ kiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè mú wọn. Júdásì nìkan ni kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Kò yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣeré. Orúkọ tí a bá ń pe ọmọ, a gbà pé orí ọmọ náà ń gbọ́ ọ. Ta ló fẹ́ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí odindi ìjọ máa pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú pẹpẹ, lọ́jọ́ Àjíǹde? Síbẹ̀ inú bí mi. Mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù àwọn òbí pé eré lásán ni, pé onígbàgbọ́ ni wá, pé ẹni tó wà nínú Kristi kò yẹ kó máa sá fún orúkọ. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀ ni “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Bàbá kan tó jẹ́ díákónì ní kí a gbé àga kalẹ̀ kí a pè é ní Júdásì, kí àgbàlagbà kan máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ìyá kan ní kí n lọ yá ọmọ kan lọ́dọ̀ ìjọ tó wà lódìkejì títì. Mo bi í pé ṣé àwọn yẹn kò fẹ́ràn ọmọ tiwọn ni.

Èmi kì í lè jókòó bí nǹkan bá wà nílẹ̀ tí kò tíì yanjú. Màá gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, màá tún abọ́ tó mọ́ fọ̀, màá jáde síta, màá tún wọlé láìmọ ohun tí mo wá. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀tan, tí ara rẹ̀ sì tutù jù fún èèyàn bíi tèmi, a máa wò mí láti orí àga, a ní, “Ìyá wọn, jókòó, ilé ò jó.” Ìgbà tó bá wí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara mi ń ṣe mí bíi pé ó ń jó.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú àwọn ọmọ, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pé ta ni yóò ṣe Júdásì. Gbogbo wọn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọwọ́ kan wá ga láti ẹ̀yìn. Ọmọ mi ni, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

“Ẹ jẹ́ kí èmi ṣe é, Ànńtí.”

Ànńtí ló máa ń pè mí ní kíláàsì bíi tàwọn tó kù. Nílé ni mo ti ń jẹ́ Màmi. Mo wò ó, mo wo àwọn ọmọ yòókù tí gbogbo wọn ti gbójú sókè báyìí, tí wọ́n ń retí ohun tí n ó wí. Ó dá mi lójú pé wọ́n á ròyìn rẹ̀ nílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹnu tí mo ti fi wàásù fún gbogbo òbí ò ṣeé gbé pamọ́ mọ́. Mo ní, “Ó dáa.”

Kí a tó délé, ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, àwọn ló sì ń darí àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé wa. Wọ́n ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, gèlè wọn ti ṣí sẹ́yìn. Bí inú bá ń bí wọn, ohùn Ìgbómìnà wọn a máa le sí i.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí? Ọmọ tí a sọ lórúkọ níwájú Ọlọ́run, tí gbogbo àgbà ilé yìí súre fún, ìwọ fẹ́ máa pè é ní orúkọ ẹni tó lọ…” Wọn ò parí rẹ̀. Wọ́n ta ìka dànù lórí ọmọ náà, wọ́n sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà lọ, àdúrà òwúrọ̀ wa gùn sí i. Bí a bá kọrin tán, tí oníkálukú ka àkọ́sórí rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí pé orúkọ burúkú kò ní mọ́ ọn, pé yóò bọ́ lára rẹ̀ bí aṣọ àyálò. Èmi á dijú, mi ò ní ṣe àmín. Mo ń bínú sí wọn. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé, bí mo bá jókòó sẹ́yìn ọmọ náà láti dirun fún un, ọwọ́ mi á dúró lórí rẹ̀, màá sì gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kó má mọ́ ọn, Olúwa, kó má mọ́ ọn. Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sí Òkè-Ìlá, àdúrà kan náà ni. Ọlọ́kadà bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé òun ni mò ń bá wí. Kí ni mo wá ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́jọ́ọjọ́ ìsinmi, bí èmi gan-an bá ń fòyà ọ̀rọ̀ inú eré?

Mo lè yí i padà. Mo rò ó lójoojúmọ́. Mo kàn máa sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò fẹ́ ni, kò sì ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ kíláàsì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá yọ tèmi, mo ti sọ fún gbogbo wọn pé irọ́ ni mo ń pa fún wọn láti ọjọ́ yìí. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀ tí nǹkan kan ṣe é, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀?

Ọmọ náà ní tirẹ̀ kò sọ pé òun fẹ́ dẹ́kun. Kò jẹ́ kí iṣẹ́ eré yìí bọ́ lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí i. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ Júdásì nígbà tó bá ń wẹ̀, nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Ìyá ọkọ mi a máa fọwọ́ di etí bí wọ́n bá gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó bi mí léèrè.

“Màmi, lẹ́yìn tó dá owó yẹn padà fún wọn, ṣé ó lọ bẹ Jésù?”

“Kò bẹ̀ ẹ́.”

“Kí ló dé tí kò bẹ̀ ẹ́?”

“Bíbélì ò sọ fún wa.”

“Tó bá bẹ̀ ẹ́ ńkọ́?”

“Jésù á dárí jì í. Ta ni Jésù kì í dárí jì?”

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀. “Pétérù àtàwọn tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún máa bá a ṣeré?”

“Wo òkúta níwájú ẹ níbẹ̀ yẹn,” ni mo wí, “kí o yé fi eyín èèyàn ṣòfò.” Ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ aṣọ tí Júdásì yóò wọ̀, torí ìyá ọkọ mi ti búra pé kò sí aṣọ kankan nínú ilé yìí tí wọ́n máa fi ṣe é.

Nǹkan mìíràn wà tí mo rí tí mi ò kà sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, ọmọ télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn ọmọ méjèèjì ti jọ ń lọ síléèwé; àwa ń jẹ ẹran Iléyá wọn, àwọn náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa. Ọ̀rẹ́ yìí ló máa ń yà pè é láràárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, á ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ́mì, ṣé ó ti múra?” Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí mo béèrè, ọmọ mi ní ó ti ń tètè jáde báyìí. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àjíǹde pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Èkó wálé, àwọn ẹbí kan sì wá láti Ìgbájọ láti wo ọmọ wọn tó ń ṣe Pílátù. Kọ́tìnì dúdú ni mo so mọ́ ọmọ mi lọ́rùn. Èmi fúnra mi dúró nítòsí ilẹ̀kùn yàrá aṣọ àlùfáà, mi ò lè jókòó, mò ń yí etí aṣọ mi ká ọwọ́ títí ó fi di kókó.

Ó ṣe é dáadáa. Kí n sọ òtítọ́, kò sí ẹni tó ṣe é tó o nínú gbogbo wọn. Nígbà tó fẹnu ko Jésù lẹ́nu, ìyá kan kígbe “Háà!” bíi pé òun ò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó da ìdérí mínírà tí a fi ṣe owó fàdákà sílẹ̀, ariwo rẹ̀ lórí táìsì gba gbogbo ilé, ó sì dúró, ó ń wò wọ́n níbi tí wọ́n fọ́n ká sí. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó wá sáré gba ilẹ̀kùn wọ yàrá aṣọ lọ gẹ́gẹ́ bí a ti fi kọ́ra. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Eré ń lọ, Jésù jíǹde, gbogbo ọmọ tò jáde láti tẹríba fún ìjọ, mo sì ń fojú ka orí wọn. Tèmi ò sí níbẹ̀.

Inú yàrá aṣọ ni mo bá a. Ó káwọ́ gba orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìwé orin, kọ́tìnì náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń sunkún tí kò ní ohùn. Ó ti ṣẹlẹ̀, ni mo wí lọ́kàn mi, ó ti mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Kí n tó lè la ẹnu, ìyá ọkọ mi ti wọlé, àwọn ìyá ẹgbẹ́ aládùúrà bíi mélòó kan wà lẹ́yìn wọn, òróró wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà láìsọ fún mi.

“Ẹ jẹ́ ká fọ orúkọ yìí kúrò lára ọmọ,” wọ́n ní. “Kúnlẹ̀, ọkọ mi.”

Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ta òróró sí i lórí. Mi ò dá wọn dúró. Kí n má parọ́, inú mi dùn pé wọ́n dé.

“Wí báyìí,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Èmi kì í ṣe Júdásì.”

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òróró tó ń ṣàn bọ̀ lójú rẹ̀.

“Wí i, kó o sì wí i sókè. Èmi kì í ṣe Júdásì.”

“Màmá àgbà,” ló dáhùn, “èmi ni.”

Ariwo “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” gba yàrá náà. Ìyá kan ti ń bọ́ gèlè láti fi gbàjá, kí ó lè gbàdúrà bó ti yẹ. Mo tì wọ́n sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ síwájú ọmọ mi, mo bi í pé kí ló ń sọ yẹn.

Ó wá sọ ọ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan hàn án, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wọn, àwọn tó ti ń wù ú pé kó bá rìn, fún un ní bísíkíìtì, wọ́n ní kó wá bá àwọn jókòó. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Wọ́n sọ ọ́ kárí kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dá jẹun nídìí ògiri, tó sì ń gba ọ̀nà mìíràn lọ síléèwé.

“Kí ni ọmọ yẹn sọ fún ọ?” Ìyá tó bọ́ gèlè ló béèrè. Gbogbo wọn ti sún mọ́ ọn.

Ọmọ mi mi orí. “Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé.” Kò sì sọ ọ́. Títí di òní, èmi gan-an ò mọ ohun tó jẹ́.

Ara àwọn ìyá náà rọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìyẹn náà ni, ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán. Òmíràn béèrè pé ṣé ọmọ ìjọ wa tiẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọ̀hún. Ìyá ọkọ mi dé ìgò òróró wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú ìfẹ́. “Ó tán. O ti jẹ́wọ́, Jésù ti dárí jì ọ́. Dìde, kó o lọ gba mínírà tìrẹ.”

Kò dìde. “Màmá àgbà, Jésù kọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún wọn.”

Mo rántí òkúta inú ẹ̀wà. Ó ti bi mí bóyá àwọn tó kù á tún máa bá a ṣeré, òkúta ni mo fi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ yìí wá, orúkọ ni mo ń sá fún. Ohun tó ń jẹ ọmọ mi ní tòótọ́ wà níwájú mi, mi ò rí i.

“Kí lo wá fẹ́ ká ṣe?” ni mo bi í.

“Mo fẹ́ lọ sílé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá lọ.”

“Nísinsìnyí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmi.”

Mo tú kọ́tìnì kúrò lọ́rùn rẹ̀, a sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde sínú oòrùn. Àwọn èèyàn ń kí mi lójú ọ̀nà: ẹ kú iṣẹ́ o, eré yẹn dùn o, ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mò ń dáhùn, mi ò mọ ohun tí mò ń wí. Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé télọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo sí i. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ànńtí ọmọ ìjọ, tí wọ́n ń pè ní tíṣà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ yẹn? Ọmọ tí mo fi Bíbélì tọ́ ló fi ọmọ wọn ṣẹ̀sín. Mo ní ṣé kí a kọ́kọ́ yà ra nǹkan dání. Ọmọ mi ní rárá. Mo ní ọ̀la kò burú, ọ̀la náà ìsinmi ni, kí àwọn náà lè jẹun ọ̀sán wọn. Ọwọ́ mi ló gbá mú, ó sì ń fà mí lọ, bí èmi ṣe máa ń fà á bí a bá ń lọ gba abẹ́rẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lójú fàràndà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ìyá rẹ̀ jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi tọkàntọkàn, ó ní, “Ẹ kú ọdún o, Mọ́mì! Ẹ wọlé, ẹ jókòó.” Mo rí i pé ọmọ rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó ti dá ìtìjú ara rẹ̀ gbé láti ìgbà yìí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún mi.

Ọmọ mi tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, ní gbangba, nínú aṣọ ọdún rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ ń wò wá.

“Má bínú,” ló wí. “Ohun tó o sọ fún mi, èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn.”

“Mo mọ̀,” ni ọmọ náà dáhùn. Kò dáwọ́ dúró. Ó fa òwú náà já, ó gbé ojú sókè, ó wo ọmọ mi, ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ìwò tí ọmọdé kì í sábà wo àgbà.

“Ṣé màmá ẹ ló ní kó o wá bẹ̀ mí ni?”

“Rárá,” ni ọmọ mi wí. “Èmi ni mo mú wọn wá.”

Ọmọ náà kò gbójú kúrò lára mi. Ó ń dúró kí n sọ bóyá òótọ́ ni.

“Òótọ́ ni,” ni mo dá a lóhùn. “Ká ní kò fà mí wá ni, èmi ì bá ti yà sílé.”